Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tí Ẹ Ń Kọ́ṣẹ́ Dókítà ní Ìlọrin

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ìwé. Ẹ kú àìsùn. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrọ́jú. Mo mọ̀ pé bí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ yín, àwọn kan á kà á láàárín lẹ́kíṣọ̀ méjì, àwọn kan á kà á níbi tí wọ́n ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ ní Tanke, àwọn mìíràn á sì kà á lóru, nígbà tó yẹ kí wọ́n ti sùn. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Inú wọ́ọ̀dù ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi. Ìṣojú mi ni ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ṣe wọlé pẹ̀lú kóòtù funfun tó ṣì ń dán, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àgbọ́sọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Mo mọ bí ọjọ́ yòókù ṣe ń rí fún yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òórùn fọ́málínì látinú yàrá tí ẹ ti ń la òkú á bá yín dé ìdí oúnjẹ, ẹ ó máa ka orúkọ iṣan bí ọmọ ilé kéú ṣe ń ka wàláà. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò ńlá tó ń já àwọn kan bọ́ sí ẹ̀ka mìíràn. Ẹni tó bá là á kọjá á bọ́ sí wọ́ọ̀dù, á máa jí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì lọ́nà Òkè-Oyi kí oòrùn tó yọ, á dúró lẹ́yìn kọnsọ́tánǹtì, ìyẹn dókítà àgbà, láti bẹ́ẹ̀dì kan dé òmíràn, títí ìbéèrè á fi bọ́ lójijì tí gbogbo yín á tẹjú mọ́lẹ̀. Ọdún mẹ́fà, bí ìdaṣẹ́sílẹ̀ kò bá fi kún un. Ẹni tó bá ti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, mi ò lè dá a lẹ́bi bó bá ní òun fẹ́ sùn.

Ẹ sùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jí, ẹ jáde.

Mo ti kíyè sí yín pẹ́. Àwọn kan wà tí wọn kì í jáde rárá: láti họ́sítẹ́ẹ̀lì sí yàrá ìkàwé, láti yàrá ìkàwé sí mọ́sáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tún padà sídìí ìwé. Wọ́n lè gba oyè dókítà ní Ìlọrin kí wọ́n má mọ ibi tí Òkèlele wà. Àwọn mìíràn ń jáde, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni wọ́n ń lọ, níbi tí súyà wà tí orin ń dún, tó sì jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwọn ni gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí súyà. Ohun tí mò ń sọ ni pé aláìsàn tí ẹ máa tọ́jú kò sí níbẹ̀, kò sì sí nínú ìwé. Ó wà ní Òkèlele, ó wà ní Pàkàtà, ó wà ní Ìdọ̀fìàn, ó wà ní oko tó wà lẹ́yìn odò. Ẹ kó ara yín jọ, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, kí ẹ fi Sátidé yín lọ mọ ilé rẹ̀ kó tó di pé ó wá bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú ara mi rí. Ìyá àgbà kan wà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ikọ́ ló gbé e wá. Ikọ́ náà ti pẹ́ lára rẹ̀. Wọ́n ti yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò léraléra bóyá ikọ́ fée ni, wọn kò rí nǹkan kan. Màmá kò fẹnu kan sìgá rí láyé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kó gba ìtàn àìsàn náà bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, Màmá ní òun ń ṣòwò. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: oníṣòwò. Ó tún béèrè ohun tó kù, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan nínú wọn, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kí Màmá dáadáa. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni fẹ́ wo ìlù ọkàn, ó wá ń wo ìka rẹ̀ àti àpá iná tó wà láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ó ní, “Màmá, ṣé Òkèlele lẹ ti wá? Ṣé ẹ̀yin lẹ ń mọ ìkòkò ni, àbí ẹ̀yin lẹ ń sun ún?”

Ojú Màmá là. “Ta ló sọ fún ọ? Èmi ni mò ń sun ún, látìgbà tí mo ti wà lọ́mọge.”

Ọmọ yẹn ti bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹbu Dàda, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Òkèlele, ní Sátidé kan, wọ́n lọ ṣeré ni, wọ́n lọ ya fọ́tò. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì débẹ̀, ẹ lọ. Àwọn obìnrin ló ni iṣẹ́ náà, ìyá ló ń kọ́ ọmọ. Wọ́n á mọ amọ̀, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á wá to ìkòkò jọ gègèrè sí gbangba, wọ́n á kó igi àti koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n á ṣáná sí i. Kò sí ihò tí èéfín ń gbà jáde, nítorí kò sí ilé níbẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí lèéfín ń lọ. Bí ìkòkò bá ti jinná, tó ṣì pọ́n bí ẹyín iná, wọ́n á fi igi gígùn yọ ọ́, wọ́n á bu omi tí wọ́n fi èèpo irúgbá sè lù ú kó lè gba àwọ̀. Omi náà á ké ṣììì, ooru rẹ̀ á gbá obìnrin tó dúró tì í lójú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò lè dúró tì í. Ọ̀ọ́kán ni wọ́n wà tí omijé fi ń dà lójú wọn, tí wọ́n ń wúkọ́ tí wọ́n sì ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni ọmọbìnrin náà rántí nígbà tó rí apá Màmá.

Ìwé yín sọ ọ́ pé èéfín igi tí èèyàn ń fà sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bí sìgá ṣe ń bà á jẹ́. Gbogbo kíláàsì ló ka ojú ewé yẹn. Ọ̀kan péré ló ti dé Òkèlele. Láti ọjọ́ náà ni ìtọ́jú Màmá ti yí padà: wọ́n fún un ní oògùn tí wọ́n ń fà sínú láti ẹnu, wọ́n pe àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì sọ fún wọn pé kí àwọn ọ̀dọ́ gba iná ṣíṣọ́ lọ́wọ́ ìyá wọn, kí òun máa mọ tirẹ̀ níbòji. Mi ò ní í gbàgbé bí kọnsọ́tánǹtì ṣe wo ọmọ yẹn. Kò yìn ín, ẹ sì mọ̀ pé wọn kì í sábà yìn yín. Ó kàn ní kí gbogbo àwọn tó kù sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ omi rí. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn odò. Ìlọrin gbóná, Odò Asà sì la ìlú já. Bí ẹ bá jáde sí ìgbèríko, ẹ ó tún bá àwọn adágún kéékèèké tí àwọn ọmọdé ń fò sí lọ́sàn-án Sátidé. Ẹ má bá wọn fò sí i. Nínú omi tí kò ṣàn dáadáa, tí koríko hù sí létí, ni ìṣáwùrú kéékèèké ń gbé, ara ìṣáwùrú yẹn ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń jáde, tí á gba awọ ara wọlé láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀. Bó bá pẹ́, ọmọ á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Mo ti rí bàbá tó mú ọmọ rẹ̀ wá nítorí ibà, tí a wá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, tí bàbá ní èyíinì kì í ṣe àìsàn, pé bí ọmọkùnrin bá ń bàlágà bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe wọ́n. Kì í ṣe òpònú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun náà lọ́mọdé nìyẹn, àti sí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ jókòó sí òkè odò, kí ẹ máa wò. Ta ló ń fọṣọ níbẹ̀? Ta ló ń pọn omi, aago mélòó ló sì wá? Ṣé ẹ̀rọ omi wà lábúlé, ṣé ó ń ṣiṣẹ́, àbí ó ti bàjẹ́ látìgbà ìdìbò tó kọjá? Oògùn àtọ̀sí ajá ẹ ti mọ̀, praziquantel ni, ẹ tilẹ̀ mọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn gíga ọmọ iléèwé kí wọ́n tó mọ iye hóró tí wọ́n máa fún un. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá lo oògùn lónìí tó sì padà sínú omi kan náà lọ́la, kí lẹ ṣe? Ẹni tó ti jókòó sétí omi yẹn kò ní í kàn sọ fún ìyá ọmọ pé “ẹ má jẹ́ kó wọ odò mọ́” kó sì pe aláìsàn tó kàn. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ nìkan ni omi wà.

Àwọn tó lé sòbìyà, aràn tí èèyàn ń mu nínú omi tó wá ń yọ lẹ́sẹ̀, kúrò nílẹ̀ wa kò fi oògùn lé e. Sòbìyà kò ní oògùn, kò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára títí di òní. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ni, àti ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń rìn láti abúlé dé abúlé, láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lédè wọn. 2008 la rí èyí tó gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, nígbà tó di 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin kò bá a. Àwa bá a. Mo ti bá wọn fi igi kékeré wé aràn yẹn jáde lẹ́sẹ̀ àgbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, tí àgbàlagbà ọkùnrin ń sunkún bí ọmọdé.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà iṣẹ́ yín mọ èyí kí n tó sọ ọ́. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Arọ̀, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, kò ti gbogbo àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn mọ́ ẹ̀yìn ògiri. Ó ní kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, láàárín àgbẹ̀ àti ọlọ́jà, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú. Ayé wá wo iṣẹ́ náà, òun fúnra rẹ̀ sì dé ipò igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Yunifásítì Ìlọrin tiyín náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, fi COBES sínú ẹ̀kọ́ yín, tí ẹ ó kó ẹrù lọ gbé láàárín ará abúlé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ka ọjọ́ títí á fi parí, nítorí iná kò sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì dúró. Àwọn tó ń fi Sátidé rìn kì í ka ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọ agboolé.

Tí ààwẹ̀ bá dé, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin mú yín lọ sílé wọn lásìkò ìṣínu lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ bá wọn jẹun. Ẹ ó rí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń mu, bí kókó ṣe dùn tó pẹ̀lú ṣúgà, iye àkàrà àti mọ́sà tó wà nínú àwo, àti aago tí wọ́n ń jí sàárì. Bí bàbá tó ní ìtọ̀ ṣúgà bá wá bá yín lásìkò ààwẹ̀ náà, ẹ kò ní í sọ fún un pé “ẹ lo oògùn lówùúrọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ.” Oúnjẹ àárọ̀ wo? Ẹ ó mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ ti bá a sọ ọ́ kí oṣù tó lé, kí ẹ sì bi í bóyá àáfà rẹ̀ ti sọ fún un pé ẹ̀sìn fún aláìsàn láyè láti má gbààwẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìrìn ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àìsàn o. Ẹ gun Òkè Sóbì láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú. Òun ló ga jù ní Ìlọrin, gbogbo ìlú ni ẹ ó máa wò nísàlẹ̀. Bárékè ṣójà wà nítòsí ibẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè ọ̀nà, ẹ má sì máa ya fọ́tò síbi tí kò yẹ. Ẹ lọ sí Èsìẹ́. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní gbogbo Nàìjíríà, ní 1945, ibẹ̀ ló wà, ère òkúta inú rẹ̀ sì lé ní 1000: ọkùnrin, obìnrin, onílẹ̀kẹ̀, onída, púpọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní àlejò tó sọ di òkúta ni wọ́n. Ẹ wo ilà ojú wọn àti irun orí wọn. Ẹni tó ń kọ́ nípa ara èèyàn, inú rẹ̀ á dùn sí ọwọ́ àwọn tó gbẹ́ ère yẹn. Kí ẹ sì ra wàrà lọ́nà.

Ọ̀wù ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Omi Ọ̀wù tó ń ya wálẹ̀ láti orí àpáta ní Ọwá-Kájọlà rẹwà, ẹni tó bá ti débẹ̀ kì í dákẹ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà kan ní Ìfẹ́lódùn àti ní ìhà Èkìtì Kwara kò dára lásìkò yìí nítorí àwọn ajínigbé, omijé ti pọ̀ jù ní gúúsù Kwara. Ẹ má lọ nítorí pé ẹnì kan fi fọ́tò rẹ̀ síta. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará ibẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ awakọ̀ tó fẹ́ gbowó. Bí ará ibẹ̀ bá ní ẹ má wá, ẹ má lọ. Àpáta náà kò ní í kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ alẹ́ mọ́jú Sátidé kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo sọ ọ́ tààrà. Mo ti gba àwọn ọ̀dọ́ wọlé ní wọ́ọ̀dù ìjàǹbá tó jẹ́ pé oorun nìkan ló ṣe wọ́n, kì í ṣe ọtí. Ẹ wọkọ̀ èrò, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó sùn wakọ̀. Kí ẹnì kan tí kò bá yín lọ mọ ibi tí ẹ wà àti ìgbà tí ẹ máa dé.

Bí wọ́n bá ti gbọ́ lábúlé pé akẹ́kọ̀ọ́ dókítà ni yín, wọ́n á kó ara wọn jáde. Ìyá kan á ṣí ẹsẹ̀ tó ní egbò hàn yín, bàbá kan á ní kí ẹ bá òun wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n á máa pè yín ní dókítà, á sì dùn létí yín. Ẹ̀yin kò tíì gba ìwé àṣẹ. Ẹ má kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì gba owó tàbí adìẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má sá fún wọn. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, nítorí ẹ ní àkókò lọ́jọ́ yẹn tí ẹ kò ní ní wọ́ọ̀dù. Ẹ béèrè ibi tí ilé ìlera wọn wà, kí ọ̀kan nínú yín bá ìyá ẹlẹ́sẹ̀ náà débẹ̀. Iye tí ẹ san fún ọ̀kadà lọ́jọ́ yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn nígbà tí ẹ bá di dókítà tó ń sọ fún aláìsàn pé “ẹ padà wá lọ́sẹ̀ méjì.”

Ẹ má ya fọ́tò ọmọ wọn sórí Facebook. Ẹ má sì máa sọ̀rọ̀ aláìsàn nínú kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìlọrin kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jókòó tì yín lè jẹ́ àbúrò ẹni tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ọ̀rẹ́. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó ń rìn pọ̀, ọjọ́ kan á dé tí ẹnì kan á ní òun kò lọ. Ó rẹ òun. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún ní ó rẹ òun. Kò jẹun dáadáa mọ́, kò wẹ̀ lásìkò, ó já ìdánwò tàbí ó ń bẹ̀rù pé òun máa já a, owó tán lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kò sì lè sọ. Ẹ má fi sílẹ̀ kí ẹ sì máa lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ àìsàn lójú àlejò, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lójú ara yín. Kí ẹnì kan dúró tì í lọ́jọ́ náà, kó bá a jẹ ẹ̀wà nínú yàrá, kó bi í léèrè ní tààrà bóyá ó ti ń ro ikú. Bíbéèrè kì í fi í sí i lọ́kàn. Ó ń gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀ ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ tí ẹ fọkàn tán tàbí dókítà ọpọlọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má dúró de Mọ́ńdè. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Mo ti rí dókítà ńlá tó gba ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ títí di òní.

Ọ̀fà ni mo wà nísinsìnyí. Tí ẹ bá ń ti Èsìẹ́ bọ̀ tí ẹ bá gba ọ̀dọ̀ wa, ẹ béèrè ilé nọ́ọ̀sì àgbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Iyán wà, mo sì fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ rí. Ẹ bá mi kí àwọn òbí yín. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ parí rẹ̀ láyọ̀, á sì máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín.

Èmi ni ìyá yín,
nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀fà.